Ẹ̀bá Ọ̀dàn: Ẹ̀rí tí Erùpẹ̀ Jẹ́ nípa Igbó Àtijọ́ ní Agbègbè Mọníyà

Orúkọ ìlú a máa pa ìtàn mọ́. Ìbàdàn, tí àwọn baba ńlá pè ní Ẹ̀bá Ọ̀dàn, kò jẹ́ orúkọ náà lásán. Ẹni tó bá ti gúúsù wá, láti Ìjẹ̀bú tàbí láti Oǹdó, yóò la igbó kọjá kí ó tó dé ibẹ̀. Ẹni tó bá ti àríwá wá, láti Ọ̀yọ́ tàbí láti Ìsẹ́yìn, yóò la ọ̀dàn kọjá, níbi tí koríko ti ga tí igi sì fọ́nká. Ààlà àwọn méjèèjì ni ìlú náà tẹ̀dó sí. Mọníyà, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Akínyẹlé lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, wà lórí ààlà yìí gan-an. Ní àyíká ìlú náà, ìrókò àti àràbà kò jìnnà sí ibi tí ẹ̀kan àti eèsún ti gba ilẹ̀ kan.

Lójú àwọn tó ń bọ Ifá, ìyàtọ̀ tó wà láàárín igbó àti ọ̀dàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrísí ilẹ̀ nìkan. Inú igbó ni igbódù wà. Ara ọ̀pẹ ni ikin ti wá, ara igi ìrosùn sì ni a ti ń rí ìyẹ̀rosùn tí awo ń tẹ Ifá sí lójú ọpọ́n. Bí igbó bá sún sẹ́yìn, ohun tí a fi ń sin Ifá pẹ̀lú sún sẹ́yìn. Nítorí náà, ìbéèrè kan wà tó kan gbogbo ẹni tó bá péjọ fún ọdún Ifá ní agbègbè yìí: ṣé bí ilẹ̀ ṣe rí lónìí náà ló ti rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ta ló yí i padà? Ṣé àdá àti iná àgbẹ̀ ni, tàbí òjò tó kọ̀ tí kò rọ̀?

Ìwé àtijọ́ kò lè dáhùn ìbéèrè yìí, nítorí ọ̀rọ̀ náà ṣáájú ìwé. Ìtàn àwọn àgbà sọ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò lè ka ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́wàá. Ẹlẹ́rìí kan ṣì wà tó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Erùpẹ̀ ni ẹlẹ́rìí náà.

Ẹ̀sùn tí a fi kan àgbẹ̀

Ọ̀rọ̀ igbó àti ọ̀dàn ti di ẹjọ́ rí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1899, ìjọba amúnisìn ya igbó Olókèmejì sọ́tọ̀, lẹ́bàá odò Ògùn, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Láti ìgbà náà ni òfin igbó ọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń dáko, tí wọ́n ti ń dẹ̀gbẹ́, tí wọ́n sì ti ń já ewé, di ibi tí a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí a tó wọ̀. Ìdí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sábà máa ń sọ ni pé àgbẹ̀ ń ba igbó jẹ́: ó ń gé e, ó ń sun ún, koríko sì ń wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 1949, onímọ̀ igbó kan tí ń jẹ́ R. W. J. Keay tẹ ìwé jáde nípa ewéko Nàìjíríà. Nínú ìwé náà, ó ya ilẹ̀ tó tẹ̀lé igbó ní ìhà àríwá sọ́tọ̀, ó sì fún un ní orúkọ tó túmọ̀ sí pé igbó ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí ó tó di ọ̀dàn. Orúkọ yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò fún àyíká Ìbàdàn títí di òní.

Ẹ̀rí wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1929, wọ́n ya ilẹ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀ ní Olókèmejì fún ìdánwò. Wọ́n ń sun ọ̀kan lọ́dọọdún ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ti gbẹ tán tí iná sì le. Wọ́n ń sun èkejì ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi ṣì wà lára koríko. Wọn kò jẹ́ kí iná kan ẹ̀kẹta rárá. Lẹ́yìn ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, Keay àti J. R. Charter yẹ ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Ọ̀dàn ni èyí tí iná líle ń jó ṣì jẹ́. Èyí tí iná kò kàn ti ń di igbó. Igi ti pa orí pọ̀, koríko sì ti ń kú lábẹ́ ibòòji.

Ìdánwò Olókèmejì fi hàn kedere pé iná lè dá igbó dúró. Ṣùgbọ́n kò fi hàn pé iná àgbẹ̀ ló dá gbogbo ọ̀dàn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó bá bá iná lórí ilẹ̀ lónìí kò tíì mọ ohun tó wà níbẹ̀ ní 3,000 ọdún sẹ́yìn. Nígbà mìíràn pàápàá, ẹ̀sùn náà a máa yí padà. Ní Kissidougou, lórílẹ̀-èdè Guinea, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún pé igbó kéékèèké tó yí abúlé ká jẹ́ ìyókù igbó ńlá tí àwọn ènìyàn pa run. James Fairhead àti Melissa Leach fi àwòrán tí a yà láti òfuurufú wé ìtàn àwọn àgbà ibẹ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde wọn jáde ní ọdún 1996: àwọn ará abúlé gan-an ló mú kí ọ̀pọ̀ igbó náà hù lórí ọ̀dàn. Àwọn tí a pè ní apanirun ni olùdásílẹ̀.

Nítorí náà, ẹjọ́ yìí kò ṣeé dá lápapọ̀. Ibì kọ̀ọ̀kan ni a gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ẹ̀rí tirẹ̀, kí a tó mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Bí ewé ṣe ń fi àmì rẹ̀ sílẹ̀

Gbogbo ewé ni a fi kábọ́ọ̀nù kọ́ ara rẹ̀. Inú afẹ́fẹ́ ni ewé ti ń fà á, ìtànṣán oòrùn ló sì fi ń sè é di oúnjẹ. Kábọ́ọ̀nù inú afẹ́fẹ́ kì í ṣe ẹyọ irú kan. Nínú 100 átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù, nǹkan bí 99 jẹ́ èyí tó fúyẹ́, tí a ń pè ní kábọ́ọ̀nù 12. Èyí tó kù, tí ó lé díẹ̀ ní ẹyọ kan, wúwo jù ú lọ díẹ̀; kábọ́ọ̀nù 13 ni. Ìwà kan náà ni àwọn méjèèjì ń hù, ìwúwo nìkan ló yà wọ́n. Irú ìbejì bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ísótóòpù.

Ewéko kì í gba méjèèjì bákan náà. Igi igbó ń ṣà: ó fẹ́ èyí tó fúyẹ́ ju èyí tó wúwo lọ, nítorí náà kábọ́ọ̀nù 13 kì í pọ̀ lára rẹ̀. Ọ̀nà tí igi ń gbà se oúnjẹ ni a ń pè ní C3, nítorí ohun àkọ́kọ́ tí ewé rẹ̀ ń ṣe ní átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù mẹ́ta. Koríko ọ̀dàn ní ọgbọ́n tirẹ̀ fún oòrùn gbígbóná àti ọ̀gbẹlẹ̀. Ó ń kọ́kọ́ há afẹ́fẹ́ mọ́ inú ewé kí ó tó sè é, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ráyè ṣà. Ohun àkọ́kọ́ tirẹ̀ ní átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù mẹ́rin, nítorí náà a ń pè é ní C4. Ara ìrèké ni M. D. Hatch àti C. R. Slack ti ṣe àlàyé ọ̀nà kejì yìí ní Australia ní ọdún 1966.

Àwọn onímọ̀ ń wọn ìyàtọ̀ náà ní ìdá ẹgbẹ̀rún, wọ́n sì ń fi ìkarahun ẹran òkun àtijọ́ kan láti ìpínlẹ̀ South Carolina ní Amẹ́ríkà ṣe òṣùwọ̀n. Kábọ́ọ̀nù 13 inú ìkarahun náà pọ̀ ju ti ewéko lọ, ìdí nìyí tí iye ewéko fi máa ń wà lábẹ́ òdo. Igi igbó sábà máa ń wà ní àyíká −27. Koríko ọ̀dàn sábà máa ń wà ní àyíká −13. Àlàfo ńlá ló wà láàárín wọn, kò sì sí ẹ̀rọ ìwọ̀n tó dára tí yóò ṣì wọ́n mú fún ara wọn.

Ìpín àwọn ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ Yorùbá sí ìsọ̀rí méjì yìí yẹ ní mímọ̀. Iṣu, ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, kòkó, obì, ìrókò àti ọ̀pẹ wà ní ìhà C3. Àgbàdo, ọkà bàbà, ìrèké, ẹ̀kan, eèsún àti èyí tó pọ̀ jù nínú koríko tó kún ọ̀dàn wà ní ìhà C4. Nígbà tí ewé bá wọ́, tí gbòǹgbò bá jẹrà, kábọ́ọ̀nù wọn a wọnú ilẹ̀, àmì náà a sì bá a wọlé. Igi lè ti kú ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Àmì rẹ̀ lè ṣì wà nínú erùpẹ̀ tó wà nísàlẹ̀.

Kíka ìwé ilẹ̀

Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ àti ṣọ́bìrì. A ó gbẹ́ kòtò tó jìn tó mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ó máa bu erùpẹ̀ láti ìpele dé ìpele, sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá mẹ́wàá, a ó sì kọ ibi tí a ti bu ọ̀kọ̀ọ̀kan sára àpò rẹ̀. Lẹ́yìn tí ó bá gbẹ, a ó jọ̀ ọ́, a ó sì ṣa gbòǹgbò tútù kúrò, nítorí gbòǹgbò òní kò gbọ́dọ̀ jẹ́rìí fún àná. Ní ilé ìṣàyẹ̀wò, wọn a sun ìwọ̀nba erùpẹ̀ náà títí kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ yóò fi di afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ kan a sì ka iye èyí tó fúyẹ́ àti èyí tó wúwo.

Bí òkè kòtò àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá sún mọ́ −27, a mọ̀ pé ilẹ̀ igi ni ibẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Bí òkè bá jẹ́ −27 ṣùgbọ́n tí ìsàlẹ̀ jẹ́ −16, ọ̀dàn ló wà níbẹ̀ rí kí igbó tó gbà á. Bí òkè bá jẹ́ −14 tí ìsàlẹ̀ sì jẹ́ −26, igbó ló ti lọ. Iye tó wà láàárín, bí −20, ń sọ pé igi àti koríko jọ pín ilẹ̀ náà ní dọ́gbadọ́gba.

Kíkà yìí gba sùúrù. Bí ewé ṣe ń jẹrà, iye náà a máa gòkè díẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ìdá kan sí mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún, bí igbó kò tilẹ̀ yẹsẹ̀ rí. Nítorí náà, ìyàtọ̀ kékeré kì í ṣe ìtàn. Ikán àti ekòló pẹ̀lú a máa da ojú ìwé rú. P. H. Nye, tó ṣe ìwádìí ní Ìbàdàn ní àárín àwọn ọdún 1950, fi hàn bí àwọn ẹ̀dá kéékèèké yìí ṣe ń gbé erùpẹ̀ wẹ́wẹ́ láti ìsàlẹ̀ wá sókè láìsinmi. Ẹni tó bá mọ ògiri ikán ní oko Akínyẹlé kò ní ṣe iyèméjì.

Láti mọ ọjọ́ orí ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yà kẹta kábọ́ọ̀nù ni a ń lò, èyí tí í ṣe kábọ́ọ̀nù 14. Eléyìí kì í pẹ́ títí ayé; lẹ́yìn 5,730 ọdún, ìdajì rẹ̀ a ti pòórá. Willard Libby ló ṣe àgbékalẹ̀ ọ̀nà yìí ní Amẹ́ríkà ní òpin àwọn ọdún 1940, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní ọdún 1960. Ẹ̀yà kan ń sọ irú ewéko tó wà níbẹ̀, ẹ̀yà kejì ń sọ ìgbà tó wà níbẹ̀.

Ohun tí a ti kà ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Áfíríkà

Ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tó kọ́kọ́ lo ọ̀nà yìí fún ilẹ̀ Áfíríkà jáde ní ọdún 1986. D. Schwartz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo erùpẹ̀ ní Congo, wọ́n sì rí i pé lábẹ́ ọ̀dàn òní, àmì koríko wà lókè, àmì igi sì wà ní ìpele tó pẹ́ jù nísàlẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, wọ́n gbé iṣẹ́ mìíràn jáde láti Mayombe, ní Congo kan náà. Ní ibẹ̀, ìtàn náà yí padà: igbó ló ń wọ inú ọ̀dàn. Ìwádìí tó jáde ní ọdún 2001 láti Cameroon rí irú rẹ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Igbó kì í fà sẹ́yìn nígbà gbogbo. A máa padà wá bí àyè bá yọ̀ǹda.

Ní ilẹ̀ Ghana, ìsàlẹ̀ adágún Bosumtwi ló jẹ́rìí. M. R. Talbot àti T. Johannessen ka ísótóòpù inú ẹrẹ̀ adágún náà, wọ́n sì tẹ ìtàn 27,500 ọdún jáde ní 1992. Nígbà tí yìnyín bo apá ńlá ní àríwá ayé, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbẹ, koríko sì gba ibi tí igbó wà lónìí. Ní nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn ni òjò padà, tí igbó sì bá a padà. Àwọn ènìyàn ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà. Ní Ìwó Elérú, lẹ́bàá Ìsàrùn ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Thurstan Shaw àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wú egungun ènìyàn kan jáde ní 1965 tó ti lé ní 11,000 ọdún nínú ilẹ̀. Ẹni náà gbé ayé nígbà tí igbó àti ọ̀dàn ń pààrọ̀ àyè.

Èyí tó sún mọ́ agbègbè yìí jù ni ti orílẹ̀-èdè Benin. Láti ìlà-oòrùn Ghana, gba Togo kọjá dé Benin, igbó ńlá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà já ní àárín. Ọ̀dàn sì sọ̀ kalẹ̀ dé etí òkun. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn onímọ̀ jiyàn lórí ohun tó gé igbó náà sí méjì. Ní ọdún 2005, U. Salzmann àti P. Hoelzmann tẹ ohun tí wọ́n rí nínú adágún Sélé jáde. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó tó rì sínú ẹrẹ̀ fi hàn pé igbó wà níbẹ̀ láti nǹkan bí 8,400 ọdún títí di nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni ó já lójijì. Ọ̀dá òjò ni wọ́n fi ìjákulẹ̀ náà sí lọ́rùn, nítorí kò bá ìgbòkègbodò ènìyàn mu. Igbó tún gbìyànjú láti padà lẹ́yìn ìgbà náà, kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó tún dé ní nǹkan bí 1,100 ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀sùn tí a fi kan àgbẹ̀ fún gbogbo àlàfo náà kò dúró mọ́.

Ẹ̀rí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọníyà

Ìdí wà tí a fi lè sọ pé ìmọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí Mọníyà. Ibùdó Ìwádìí Àgbáyé fún Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Ilẹ̀ Olóoru, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí IITA, ni a dá sílẹ̀ ní 1967 lórí ilẹ̀ tó tó 1,000 hẹ́kítà, ní ojú ọ̀nà kan náà tó gba Mọníyà lọ sí Ọ̀yọ́. Nínú ọgbà náà, Jan Diels àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ísótóòpù kábọ́ọ̀nù tọpa ohun tó ṣẹlẹ̀ sí erùpẹ̀ oko kan fún ọdún mẹ́rìndínlógún, àbájáde wọn sì jáde ní 2004. Àgbàdo àti ẹ̀wà ni wọ́n gbìn, pẹ̀lú ìlà igi láàárín àwọn ẹbè kan. Nítorí pé àgbàdo jẹ́ C4 tí igi àti ẹ̀wà sì jẹ́ C3, ẹ̀rọ lè ya kábọ́ọ̀nù tó wá láti ara àgbàdo sọ́tọ̀ nínú erùpẹ̀. Ohun tí wọ́n rí kò ya àgbẹ̀ lẹ́nu: ilẹ̀ tí a ń gbìn lọ́dọọdún láìsinmi ń rù. Ewé igi tí a gé tí a sì tẹ́ sórí rẹ̀ ń dín rírù náà kù, kò sì dá a dúró pátápátá.

Ọgbà kan náà ní ẹ̀rí kejì, tí kò nílò ẹ̀rọ. Oko àti abúlé ló wà lórí ilẹ̀ náà ṣáájú àárín àwọn ọdún 1960. Níbi tí a ti fi ilẹ̀ sílẹ̀ láìdáko láti ìgbà náà, igbó ti padà hù, ó sì tó nǹkan bí 350 hẹ́kítà lónìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ kẹta ní Olókèmejì náà ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ sí ẹ̀bá ọ̀dàn tó láti gbé igbó ró, bí iná àti àdá bá yọ̀ǹda.

Ibi tí ẹ̀rí náà mọ

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àmì kábọ́ọ̀nù nìkan kò tó láti sọ gbogbo ìtàn, ọ̀pẹ sì ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Ọ̀pẹ kì í fẹ́ ibòòji igbó ẹgàn. Ibi tí oòrùn ti ráyè wọlé ló ti ń pọ̀. Ibi tí ọ̀pẹ bá pọ̀ sí, ilẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ rí níbẹ̀. Síbẹ̀, C3 ni ọ̀pẹ. Lójú ẹ̀rọ, kò sí ìyàtọ̀ láàárín igbó ọ̀pẹ àti igbó ìrókò. Ẹni tó bá gbára lé ísótóòpù nìkan yóò sọ pé igbó kò yẹsẹ̀, nígbà tí oko àwọn ènìyàn ti wà níbẹ̀ fún ìran mélòó kan.

Lẹ́búlẹ́bú òdòdó ló ń tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Ṣówùnmí ti Yunifásítì Ìbàdàn fi ọ̀pọ̀ ọdún ka irú lẹ́búlẹ́bú bẹ́ẹ̀. Nínú ẹrẹ̀ tí a gbẹ́ jáde ní agbègbè ẹnu odò Ọya, ó rí i pé ti ọ̀pẹ pọ̀ sí i lójijì ní nǹkan bí 2,800 ọdún sẹ́yìn. Ó tọ́ka sí ọwọ́ àgbẹ̀ nínú èyí. Àwọn onímọ̀ mìíràn sọ pé ọ̀gbẹlẹ̀ ló ṣí igbó sílẹ̀, tí ọ̀pẹ fi ráyè. Àríyànjiyàn náà ṣe pàtàkì fún ẹni tó bá gbé ikin sọ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ Ṣówùnmí bá jẹ́ òtítọ́, ọ̀pẹ tó kún ilẹ̀ yìí jẹ́ ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ṣáájú. Ìbáṣepọ̀ ọ̀pẹ àti ènìyàn sì ti pẹ́ tó 2,800 ọdún.

Àgbàdo náà lè tan olùwádìí jẹ, ní ọ̀nà òdì kejì. Láti Amẹ́ríkà ni ó ti wá, lẹ́yìn tí ọkọ̀ òkun ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà láàárín ìhà méjèèjì òkun. Àwọn amọ̀kòkò ní Ilé-Ifẹ̀ lo ṣùkù rẹ̀ láti fi ya àrà sára ìkòkò, àpáàdì irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ sì wà lára ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn rí. Nítorí pé C4 ni àgbàdo, àmì koríko tó bá wà ní òkè kòtò ní oko Mọníyà lè jẹ́ ti àgbàdo ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan, kí ó má jẹ́ ti ọ̀dàn rárá.

Nítorí náà ni a fi gbọ́dọ̀ wá èédú àti àpáàdì mọ́ ọn. Ní igbó Òkomù, ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án rí, E. W. Jones rí èédú àti àpáàdì nínú ilẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. L. J. T. White àti J. F. Oates padà síbẹ̀, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní 1999: àwọn ènìyàn ti gbé ibẹ̀, wọ́n ti dáko níbẹ̀, kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn. Igbó tí a pè ní ẹgàn jẹ́ igbó tó hù lórí àlàpà.

Ìwé tí a kò tíì ṣí

Àkópọ̀ àwọn ẹ̀rí yìí ni pé ààlà tó fún Ìbàdàn ní orúkọ kò dúró sójú kan rí. Òjò ti sún un síwá, ọ̀gbẹlẹ̀ ti sún un sẹ́yìn, lẹ́yìn náà ni ọwọ́ ènìyàn wá dá sí i, nígbà mìíràn láti pa igbó, nígbà mìíràn láti gbìn ín. Ẹni tó bá sọ pé àgbẹ̀ kò jẹ̀bi rárá kò tíì dé Olókèmejì. Ẹni tó bá sì sọ pé àgbẹ̀ nìkan ló jẹ̀bi kò tíì gbọ́ ti adágún Sélé.

Èyí gbé ẹrù lé ọwọ́ àwọn tó wà láyé báyìí. Mọníyà ń yára dàgbà. Ibùdókọ̀ ojú irin Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí a ṣí níbẹ̀ ní 2021 ti mú ilẹ̀ gbówó lórí, katapílà sì ń kó erùpẹ̀ òkè kúrò kí ìpìlẹ̀ ilé tó sọ̀ kalẹ̀. Erùpẹ̀ tí a kó kúrò kì í padà sí ipò rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ìpele òkè àti ti ìsàlẹ̀ bá ti dàpọ̀ nínú tírélà, kò sí ẹ̀rọ tó lè kà á mọ́. Ẹ̀rí tó gba ẹgbẹ̀rún ọdún láti kọ lè parẹ́ láàárín ọ̀sán kan.

Àwọn ibi tí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ṣì lè wà ní pípé kò pọ̀ mọ́: igbódù, igbó orò, igbó tó yí ojúbọ ká, àti bèbè odò tí a kì í dáko sí. Èèwọ̀ tí àwọn àgbà fi lélẹ̀ ló pa wọ́n mọ́. Wọ́n dáàbò bo igi, wọn kò sì ní láti mọ̀ pé ìwé ló wà lábẹ́ rẹ̀. Olùwádìí tó bá fẹ́ ka ìwé náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ baálẹ̀ àti àwọn awo lọ. Ibi tí kò yẹ kí ọkọ́ kàn, kí ó jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀. Kòtò tó wà létí igbó náà lè jẹ́rìí tó. Àwọn àgbà tó mọ orúkọ ahoro, orúkọ odò àti ibi tí igbó dé nígbà èwe wọn náà ní apá tiwọn nínú ìwé kan náà, a sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó bá wọn lọ.

Ẹlẹ́rìí Ìpín ni àwọn olùsìn ń pe Ọ̀rúnmìlà, ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀dá yan ìpín rẹ̀. Erùpẹ̀ Mọníyà kò ga tó ipò yẹn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn igbó àti ọ̀dàn, òun ló wà níbẹ̀ nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀, ó sì ṣetán láti sọ ohun tó mọ̀ fún ẹni tó bá fi sùúrù béèrè kí katapílà tó dé.